Kí Aago Méjìlá Tó Lù fún Èbúté Málúnà

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Láníyì to àga mẹ́ta sídìí tábìlì gígùn kan ní Maitama, ó tú wọn ká, ó tún wọn tò. Òun ni ìjọba àpapọ̀ ní kó gbàlejò níbi àdéhùn èbúté Málúnà. Iṣẹ́ náà ò le púpọ̀: kó ṣáà mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, ibi tó yẹ kó jókòó sí, àti ìgbà tó yẹ kéèyàn gbé bírò fún un. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe é, kò ṣì í ṣe rí.

Orílẹ̀-èdè kékeré létí òkun ni Málúnà. Apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀, èbúté wọn tó jìn dáadáa nìkan ló sì jẹ́ kí ayé mọ orúkọ wọn. Orílẹ̀-èdè alágbára méjì ti ń du èbúté yìí láti ọdún méjì. Nígbà tí ìjà sú wọn, wọ́n gbà láti pín in bí ẹni pín àkàrà: ọ̀kan á mú apá ìlà-oòrùn, èkejì á mú ìwọ̀-oòrùn, fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Kí àwọn apẹja wá ibòmíì lọ.

Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n dá fún Málúnà. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i nígbà náà, ọkọ̀ ogun tó ti dúró lójú òkun á wọlé. Láago mẹ́rin ọjọ́ yẹn kan náà, ilé aṣòfin Málúnà fẹ́ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé èbúté fún àjèjì láìjẹ́ pé ará ìlú dìbò sí i. Ṣùgbọ́n àdéhùn tí aṣojú wọn bá ti fọwọ́ sí ṣáájú, òfin náà ò ní lè mú un mọ́. Àwọn alágbára mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mú aago méjìlá.

"Kai, wọ́n ti há wọn mọ́ kọ̀rọ̀," ni Rísíkàt, tí òun àti Láníyì jọ ń ṣiṣẹ́, sọ.

"Àga ni wọ́n ní ká tò," ni Láníyì fèsì, ṣùgbọ́n inú òun náà ò dùn sí i.

Ìwé tí Málúnà fi ṣọwọ́ ò ju ìlà méjì lọ. Ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, J. Dósà ni aṣojú pàtàkì tí wọ́n yàn lánàá. Wọn ò fi fọ́tò sí i.

Nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, Láníyì sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ti dúró. Bàbá kan tó ti hewú, tó wọ kóòtù dúdú tó sì de táì, dúró ṣánṣán níbi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn náà. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbá báàgì mọ́yà.

Kò sẹ́ni tó ń kọ́ Láníyì níwà ọmọlúàbí. Ó tẹrí ba, ó fọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ bàbá náà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kí i.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Bàbá náà wo ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà lanu, ó tún pa á dé. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀fun ń dùn wọ́n," ló sọ níkẹyìn. "Èmi ni n ó máa gbẹnu sọ fún wọn. Ẹ máa pè mí ní Jemimah. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ó fa bàbá náà lọ sábẹ́ igi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí. Bàbá náà wò ó títí, lẹ́yìn náà ló mirí pé ó dáa.

"Dírẹ́bà yín ńkọ́?" Láníyì béèrè. "Kó bá wa sún ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀."

"Kò jìnnà," ni Jemimah dáhùn.

Láníyì fi bàbá náà jókòó sáàárín, ó fi Jemimah sẹ́yìn. Aṣojú àwọn alágbára méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ń yin ewú orí rẹ̀, èkejì ń bu omi tútù fún un. Bàbá náà kàn ń mirí sí wọn ni. Ara Jemimah ò balẹ̀: ó jókòó, ó dìde, ó wo fóònù, ó tún jókòó.

Láníyì fẹnu sún mọ́ etí Rísíkàt, ó fi Yorùbá sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. "Àgbà òfìfo! Kò tiẹ̀ ka ìwé náà wò."

Ikọ́ mú bàbá náà. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, Láníyì gbé bírò fún un. Bàbá náà bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ fọwọ́ sí i, sà," ni Jemimah sọ.

Ó rọra fọwọ́ sí i lókè ibi tí wọ́n tẹ J. Dósà sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Aṣojú méjèèjì pe ìlú wọn pé kí ọkọ̀ ogun máa padà. Inú bí Láníyì débi pé ó ń ṣe é bíi kó gba ìwé náà ya.

Oúnjẹ ọ̀sán dé. Jemimah ò kánjú lọ mọ́. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò, ó ní kí wọ́n tún un yà, ó béèrè tíì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ní kí àwọn aṣojú sọ ìtàn ìlú wọn fún òun. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú kí fóònù rẹ̀ tó dún. Ó kà á, ó fọwọ́ bojú, ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Wọ́n ti ṣòfin náà," ló sọ fún Láníyì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Láníyì wí. "Òfin náà ló pẹ́ dé." Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an, ó sì sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀ láìlè wo ojú bàbá náà.

Bàbá náà di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú títí Aṣojú Pàtàkì Jemimah Dósà fi jókòó tán, ó pa á dé, ó lọ jókòó sídìí sítíárìn, ó wá yọrí sí Láníyì, ó sì fi Yorùbá tó já gaara sọ pé: "Ẹ ṣeun gan-an o, ọ̀gá mi, ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń wakọ̀ rèé, kò sẹ́ni tó fi àga lọ̀ mí rí."