Ìkúnlẹ̀ Níwájú Ewúrẹ́

Ọdún 1974 ni. Kàfáyàt ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìwó dé Banjul.

Ó kúnlẹ̀ kí tíṣà lágbàlá ilé ìwé, àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ wá wo Mùtíàt, ẹ̀gbọ́n Kàfáyàt tó ti ń gbé Banjul tẹ́lẹ̀, nígbà ìsinmi. Ewúrẹ́ ló lọ kúnlẹ̀ fún!

"Ẹ káàárọ̀, mà!"

"Mùtíàt, níbo lo ti kọ́ ọ?" ọmọ kan bi í.

Mùtíàt sáré dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

Kàfáyàt ò sunkún. Ó kàn ń wò ó.

Nírọ̀lẹ́, ìyá Kàfáyàt ti ọjà dé. Kàfáyàt dúró gbọn-in, ó nawọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ọmọ Banjul.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Kàfáyàt! Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí? Ṣé o ò rí i bí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe kúnlẹ̀ ni?"

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, Mùtíàt ò lè gbójú sókè.