Èédú Ìlú Arógun

Àwọn kan ní ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún tí igbó ti gbé ìlú Arógun mì. Àwọn mìíràn ní àlọ́ lásán ni. Àríyìíkẹ́, tó ń walẹ̀ wá ìtàn àtijọ́, ló gbà láti wá ọjọ́ orí ìlú náà. Ó mọ̀ pé èédú ìdáná àwọn ará ibẹ̀ nìkan ló lè parí ìjà náà, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ iye ọdún tó ti jó.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó kan ààrò mẹ́ta nísàlẹ̀ kòtò tó gbẹ́. Láògún, ọdẹ àgbà tó mú un wá, lóṣòó sí etí kòtò lókè.

"Ọmọ mi, kágò ná kó o tó fọwọ́ kan ààrò onílé."

Àríyìíkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Baba, onílé wo?"

Ó ki ọwọ́ bọ eérú, ó sì fà á yọ wéré. Eérú náà ti jó o. Ìrẹ̀ tó ń ké nínú igbó dákẹ́ lójijì. Òórùn irú gba gbogbo inú kòtò náà.

Láògún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àgò onílé o!"

Láti inú ògiri kòtò, lẹ́yìn Àríyìíkẹ́ gan-an, obìnrin kan dáhùn.

"Àgò yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa iná mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọbẹ̀ kaná ni."