Àgbà Wo?

Ó ti rẹ Akínlabí tẹnutẹnu. Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nìyẹn, epo ọkọ̀ di ohun tí wọ́n ń tò fún láti òwúrọ̀, síbẹ̀ olùkọ́ yunifásítì yìí ń ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ torí àtibi arúgbó léèrè ọ̀rọ̀.

Ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, filọ́sọ́fì, tó kọ́ ní Ìbàdàn kò gba "àwọn àgbà ní" wọlé. Ó ní ọgbọ́n tí kò bá ti ní ẹni tó lè sọ pé "èmi ni mo rò ó, ìdí rẹ̀ sì nìyí", àṣà lásán ni. Àmọ́ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹyọ ẹnì kan péré tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ló ń wá láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, kó lè fi í yangàn nínú ìwé tó ń kọ. Ó wá a dé Èmùré, ó wá a dé Ìlawẹ̀, pàbó ló já sí. Bàbá Fámúrewá ló kù.

Iyàrá kan náà ni bàbá yìí àti Bámijókò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, torí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n kò gbé e mọ́. Oorun ni Bámijókò máa ń sùn ní tiẹ̀. Fámúrewá ló ń dáhùn, ohun tó sì ń sọ, Akínlabí kò gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíì rí.

"Àwọn àgbà ní ọ̀nà oko kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ là á. Tótó ó ṣe bí òwe o."

"Àgbà wo, Bàbá?"

"Àwọn àgbà náà ni."

Akínlabí béèrè bí Bàbá fúnra wọn ṣe rò ó sí. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni tòun níbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ń bá a yí títí ọ̀rọ̀ náà fi sú Akínlabí. Ó padà sílé, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn èèyàn òun, òun kò rí ẹnì kankan. Ó dùn ún wọra bó ti ń kọ ọ́. Wọ́n tẹ ìwé náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yìn ín.

Nígbà tí Bámijókò kú, ó lọ kí Fámúrewá kú àráfẹ́rakù. Bàbá ní ẹni tó kú ti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè, àwa tó kù ló kù sí lọ́wọ́. Akínlabí fi ẹ̀rín tó ti rẹ̀ béèrè, bí ìṣe rẹ̀, pé àgbà wo ló sọ ìyẹn.

"Èmi ni, ọmọ mi," ni Bàbá wí, "èmi náà ni mo ro gbogbo èyí tí mo ti ń sọ fún ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wà ní ulé nígbà yẹn, ṣé ojú rẹ̀ ni n ó ti máa pe ara mi ní ẹni tó sọ̀rọ̀?"