Ìyá Sísílì Kò Sùn

Bí àlùfáà ṣe so ìborí mọ́ orí ère Ánà Mímọ́ tó gbé jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tán ni aṣojú ọba ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wọlé. Ọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun gbogbo ère. Ìjọ rí ohun tí àlùfáà ṣe, wọ́n pa ẹnu mọ́.

"Ère yín dà?"

"A ti sun ún, ọ̀gá. Ẹ lọ wo eérú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé."

Aṣojú gun àga ìwàásù. "Igi kì í gbọ́ràn!" Ó ń wí i lọ, ó ń wí i bọ̀, títí gbogbo ìjọ fi sùn lọ fọnfọn.

"Ìyá àgbà yẹn nìkan ló gbọ́ mi," ló sọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Wọn ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ n kí wọn."

"Ìyá Sísílì ni, ọ̀gá. Etí wọn ti di." Àlùfáà sáré tẹ̀lé e.

Aṣojú di ọwọ́ ìyá mú. Ọ̀dà wúrà ń dán níka ìyá. Ó wò ó títí, ó wá tẹnu bọ àlùfáà létí.

"Ẹ wá ìbọ̀wọ́ fún màmá. Tèmi tí mo fi pamọ́ sílé, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ bò."