Àyè Ìdọ̀bálẹ̀

Yàrá tí Adéwùsì àti Mọ́rẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń gbé kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í ṣí láàárọ̀ àfi tí Adéwùsì bá ti ṣe iye eré ìdárayá tí ògiri ń kà fún un tán. Adéwùsì ṣì ń yan irin tí yóò rà láti máa gbé ẹrù ìdárayá rẹ̀ kọ́.

“Èyí tó so mọ́ àjà yóò gbá Màmá rẹ lórí. Èyí tó ń dúró nílẹ̀ kò ní jẹ́ kí n ráyè dọ̀bálẹ̀ fún wọn.”

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti dé, ilẹ̀kùn kò sì ṣí.

Ìtìjú mú Adéwùsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú, Màmá!”

“Ó ṣì kù,” ni ògiri wí.

Ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀, títí ilẹ̀kùn fi ṣí.

“Ọkọ ọmọ mi, ìkíni yìí mà pọ̀!”

Mọ́rẹ́nikẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Olówó orí mi, ẹ má wulẹ̀ ra irin mọ́. Kí Màmá ṣáà máa wá láràárọ̀.”