Bọ́tà Ìyàwó

Ìyálé gbá ìgò náà mọ́ àyà, ó ń mì í bí ẹni pé ọrùn ìyàwó ló dì mú. Ìyàwó wà nílé ìwẹ̀, ó ń kọrin.

Láti ọjọ́ tí Baba Munirah ti gbé Mardiyah wọ ilé wọn ní Itamaga, kò sọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ju bọ́tà tí ìyàwó ń fi wàrà màlúù tútù ṣe fún un. Ẹja Ẹ̀pẹ́ tí ìyálé ti ń yan fún un láti ọdún mọ́kàndínlógún ti wọgbó. Lánàá, ìyàwó bu ọ̀rá tó léfòó sórí wàrà sínú ìgò, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Tí ìyálé bá dà á nù, àṣírí á tú. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ pé wọ́n mi ìgò?

Ó mì í títí apá fi ń ro ó. Lójijì, ọ̀rá náà ṣùjọ, omi yà sọ́tọ̀. Ó ti bàjẹ́! Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá a padà sáyè rẹ̀.

Ìyàwó wọlé. "Áà! Ta ló bá mi mì í? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti di bọ́tà!"

Ìyálé ń gbálẹ̀, kò gbójú sókè.

Nídìí oúnjẹ, ọkọ fi búrẹ́dì tọ́ ọ wò, ó dijú. "Mardiyah, tòní ló dùn jù. Irú ọwọ́ wo lo ní ná?"

"Èmi ni mo..." Ìyálé fa ìgò bọ́tà náà mọ́ra.

"Ìwọ kí ni?"

Ó fọwọ́ pa apá tó ń ro ó. "Mo ní kí n bá yín fi díẹ̀ kún un, Baba Munirah."