Ìmọ̀ràn Mọ́mì Bùsọ́lá ní Gáréèjì Ọ̀rẹ̀

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀.

Mọ́mì Bùsọ́lá wọ inú rẹ̀, ó jókòó ti Oyin, ọmọ ìlú Àgọ́ Aláyè tó ń lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ojoojúmọ́ ló máa ń wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri.

"Físà àbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́, ọmọ mi. Wò ó dáadáa. Ya fọ́tò gbogbo ìwé rẹ, fi ránṣẹ́ sílé. Tó o bá débẹ̀, má fi pásípọ́ọ̀tù rẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Oyin wò ó lójú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ta ló gba tiyín?"

"Kò sẹ́ni tó gba tèmi."

Mọ́mì Bùsọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Èmi ni mo gba ti Tóyìn, ọmọ ìlú Omifunfun. Mo ta òun náà fún àwọn tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò lọ́hùn-ún, mo sì padà wá sílé. Ó di ọdún mẹ́fà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́."

Oyin gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó yíjú padà.

"Ṣé ìyá Tóyìn mọ̀, mà?"

"Ilé àdúrà kan náà la jọ ń lọ. Bó bá ti ń sunkún pé kí Olúwa dá ọmọ òun padà, èmi ni mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àmín tèmi ló máa ń ròkè jù."